Pátákó Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà Alága

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ilé kì í sọ̀rọ̀. Alága Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ilé Àtijọ́ nìkan ni kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé àwọn ilé ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà láàárín ìlú ń bá òun sọ̀rọ̀, àti pé òun nìkan ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Bí ó bá ń kọjá lọ, á dúró lójijì, á gbé etí sí ògiri, á mi orí, á ní, "Mo ti gbọ́." Àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé e á mi orí tiwọn náà, bí ẹni pé àwọn náà gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Ọ̀gá Amọ̀tán. Ó rò pé oríkì ni.

Kí Alága tó dá sí i, ìrìn wíwo ilé ti ọjọ́ Sátidé jẹ́ ohun tí ènìyàn lè ṣe kó sì gbádùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní yunifásítì ni afinimọ̀nà. Á kó àwọn àlejò lẹ́yìn, á mú wọn gba àdúgbò tí àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀gá káfíńtà kọ́lé sí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Á fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi bàránńdà bí ẹni hun léèsì. Á fi gíláàsì aláwọ̀ tó wà lókè ilẹ̀kùn hàn wọ́n, èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọ pálọ̀ ní pupa àti àwọ̀ ewé. Á ní kí wọ́n wo bí onílé kọ̀ọ̀kan ṣe fi símẹ́ńtì kọ ọdún tó kọ́lé sí iwájú òrùlé, kí aládùúgbò tó pẹ́ kó tó kọ́ tirẹ̀ lè máa rí i láràárọ̀. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Bí kò bá sì mọ ìdáhùn, á ní òun ò mọ̀.

"Mi ò mọ̀" yìí ló bí Alága nínú. Ó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń gba owó oṣù ìjọba má mọ nǹkan kan ní gbangba. Wọ́n tún sọ fún un pé àwọn àlejò máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò ní sọ pé owú ni. Alága fúnra rẹ̀ ní àníyàn ìlú ni. Ó kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, òun fúnra òun ni yóò máa ṣíwájú ìrìn, kí afinimọ̀nà máa gbé agbòòrùn lé òun lórí.

Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó kí Alága tó jókòó, Alága náà kì í sì í jókòó títí Akọ̀wé yóò fi ka oyè rẹ̀ tán. Bí Alága bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Òótọ́ ni." Bí Alága bá wúkọ́, Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, á ní, "Kókó yẹn lágbára, sà." Inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí Òfin Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Òfin náà ní ilé tí pátákó ìgbìmọ̀, èyí tó ń fi hàn pé ilé àtijọ́ ni, bá ti wà lára rẹ̀, onílé kò gbọdọ̀ kan ìṣó kan mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ kùn ún, kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun níbẹ̀. Onílé yóò kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn kí àwọn àlejò lè rí iwájú ilé wò. Onílé kò sì gbọdọ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀, nítorí, gẹ́gẹ́ bí Alága ṣe wí, ẹni tó bá ń gbé inú ilé kò lè rí ilé náà dáadáa.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òfin yìí títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, aránṣọ kan wá sí ọ́fíìsì. Ilé bàbá rẹ̀ àgbà ló ń gbé, ilé gidi, tó ní bàránńdà onígi gbígbẹ́ àti ọdún lórí, tí pátákó ìgbìmọ̀ sì ti wà lára rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "òjò ń rọ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Páànù kan péré ni mo fẹ́ pààrọ̀."

Alága fara ti àga. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ihò tí òjò náà ń gbà wọlé ti di àjogúnbá?"

"Ihò kẹ̀?"

"Ihò. Bí a bá dí i lónìí, kí la fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ wa lọ́la?"

"A ó sọ fún wọn pé ilé ò jò mọ́ ni, sà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́ fún Alága, kí Alága lè mọ ìgbà tí òun náà yóò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò lábẹ́ ihò náà," Alága wí. Obìnrin náà ní òun ti ń gbé e sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ti kan ògiri. Alága ní ògiri náà ń bá òun sọ̀rọ̀, kí ó máa lọ sílé. Aránṣọ wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wọn aṣọ fún ènìyàn, ó sì jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí nígbà tí ìròyìn dé pé Kọmíṣọ́nà ń bọ̀ wá bá wọn rìn. Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: ohun kan ṣoṣo ni Alága ń fẹ́ láyé yìí, òun ni kí wọ́n fi òun ṣe Olùdámọ̀ràn Pàtàkì. Ọwọ́ Kọmíṣọ́nà sì ni oyè náà wà. Ó ti rán agbádá tí yóò wọ̀ ní ọjọ́ ìbúra. Ó tiẹ̀ ti ń dáhùn sí orúkọ náà nílé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ló ń pè é, bó ṣe ń pè é nígbà tí àwọn méjèèjì ń pọn omi síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí wọ́n jọ ń ru iyanrìn lẹ́yìn iṣẹ́.

Ilé tí mò ń sọ yìí kò tíì gbó. Àwọn ìbejì wọn ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó fi òrùlé lé e. Ṣùgbọ́n Alága ti ní kí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ òpó ńláńlá síwájú rẹ̀, kí ó lè dà bí ilé àwọn ènìyàn pàtàkì ayé àtijọ́. Ojú ọ̀nà tí ìrìn náà ń gbà ló sì wà.

Wọ́n ṣe ìdánrawò. Báyìí ni ìgbìmọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ibi tí ọ̀pá Alága bá nà sí, òṣìṣẹ́ kan á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ibi tí àmì bá wà, káfíńtà á kan pátákó mọ́ ọn. Ìbéèrè kò sí láàárín. Ẹni tó bi Alága léèrè gbẹ̀yìn pé, "Èwo nínú méjèèjì, sà?" ti wà ní ẹ̀ka tó ń mú ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri ìgboro. Nítorí náà, nígbà tí Alága na ọ̀pá sí ilé ìyàgbẹ́ gbogbo gbòò, tó ní, "Òórùn ibẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ dé imú Kọmíṣọ́nà," wọ́n sàmì sí i. Nígbà tó na ọ̀pá sí ilé ara rẹ̀, tó ní, "Ibẹ̀ yẹn la ó ti mu omi tútù," òṣìṣẹ́ oníṣọ́ọ̀kì wo ojú Akọ̀wé. Akọ̀wé wo òkè.

"Alága mọ ohun tó ń ṣe," Akọ̀wé wí.

Wọ́n sàmì sí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn káfíńtà kan pátákó kiri. Alága kò sí nílé. Ó ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò ìjọba kí Kọmíṣọ́nà tó jí. Ìyá Ìbejì gbọ́ òòlù, ó jáde. Wọ́n ní àṣẹ Alága ni. Ó ní bó bá jẹ́ pé àṣẹ onílé ni, kí wọ́n ṣáà rọra kàn án.

Kọmíṣọ́nà jẹ́ obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí bàtà rẹ̀ sì ń fún un lẹ́sẹ̀. Alága kí i káàbọ̀ níwájú ilé àkọ́kọ́ títí oòrùn fi kúrò níbi tó wà. "Ọlọ́lá jùlọ," ó ní, "ìyá àwọn ilé, òrùlé tí kì í jò! Gbogbo pátákó tí ẹ ó rí lónìí, ojú èmi yìí ló yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá rí ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ àṣìṣe, kí wọ́n gba àga lábẹ́ mi!" Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ilé ìyàgbẹ́. Pátákó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń dán. Alága rí i, ó fẹ́ yára kọjá. Kọmíṣọ́nà dúró.

"Èyí ńkọ́?"

Alága gbé etí sí ògiri. "Ọlọ́lá jùlọ, àwọn ènìyàn ayé ìgbà náà kò kẹ́gàn ohunkóhun. Ẹ wo bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe kéré. Wọ́n fẹ́ kí olówó àti tálákà jọ tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé ni."

Ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó ń di ìgbànú. Ó rí èrò, ó ní, "Ẹ má bínú o, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń dúró." Alága nawọ́ sí i. "Ẹ̀rí rèé! Wọ́n ṣì ń lò ó bí àwọn baba wa ṣe lò ó." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì yára lọ.

Alága nu ojú. Ó ti bọ́, ó rò bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n yà ní kọ̀rọ̀, ó sì rí pátákó lára ilé tirẹ̀.

Afinimọ̀nà tó ń gbé agbòòrùn rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ọmọ dáadáa ni. Ó fẹnu sí i létí. "Sà, ẹ jẹ́ kí n sọ pé àṣìṣe ni. Ẹ ní èmi ni mo ṣe é, kò burú."

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn. Ẹlòmíràn ì bá gba ibẹ̀ sáré. Ṣùgbọ́n Alága rò ó wò pé bí ọmọbìnrin yìí bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un. "Gbé agbòòrùn sókè," ó ní.

Ó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó kọjú sí èrò. Ó ní ilé yìí ni àgbà gbogbo ilé tí wọ́n ti rí láti àárọ̀. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ nírẹ̀lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi kọ ọdún sí i. Ẹnì kan bi í nípa ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lára ògiri; ó ní àpótí atẹ́gùn àwọn ará àtijọ́ ni, ìmọ̀ tó ti parẹ́. Wọ́n bi í nípa àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé. Ó ní àwo náà ni wọ́n fi ń gbe omi òjò. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ìbejì yọjú, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká wà léjìká rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé, omi ti tutù."

"Ta ni ìyá yìí?" Kọmíṣọ́nà bi Alága.

Bó bá ní ìyàwó òun ni, wọn yóò mọ̀ pé ilé òun ni. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ilé òun ni, wọn yóò béèrè bí pátákó ṣe dé ibẹ̀. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Alága wo ojú obìnrin tó ru iyanrìn pẹ̀lú rẹ̀, ó ní, "Olùtọ́jú ilé ni, mà."

Ó dun Ìyá Ìbejì. Ó dùn ún dé egungun. Kò pariwo, nítorí pé olùkọ́ ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ wo ọmọ tó ń purọ́. Ó gbé aṣọ kúrò léjìká. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní. "Ẹ wọlé, kí n mú yín wò ó."

Kọmíṣọ́nà wọlé. Ó jókòó lábẹ́ àpótí atẹ́gùn àwọn ará àtijọ́, ó bọ́ bàtà, ó mu omi. Ó wo àwòrán ìgbéyàwó tó wà lára ògiri, ó wo Alága, ó wo olùtọ́jú ilé, ó tún wo àwòrán. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó rò.

"Alága," ó ní, "irú ilé báyìí tọ́ sí gbogbo ìlú. Ta ló ni ín?"

Kí Alága tó ronú, ìgbéraga ti dáhùn. "Àwọn baba ńlá mi, mà."

"Ẹ kú oríire. Akọ̀wé, kí ni òfin wí?"

Akọ̀wé kà á sórí, kò fo ẹyọ kan. Onílé á kó sí ẹ̀yìn. Onílé kò ní kan ìṣó. Onílé kò ní jókòó nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tó kà á tán, Kọmíṣọ́nà ní kí Akọ̀wé máa ṣe alága lọ ná. Àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Òótọ́ ni." Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀; wọn kò tíì rí ọ̀bẹ tí Alága pọ́n.

Báyìí ni Alága àná àti ìyàwó rẹ̀ ṣe kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó garawa àti àga tó kán sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fa okùn dí pálọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún Alága pé kó má fọwọ́ kan ògiri. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Alága lọ sí ọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ kan ìṣó kan péré tí òun yóò fi gbé àwọ̀n ẹ̀fọn kọ́. Alága tuntun fi í sórí ìdúró títí wọ́n fi ka oyè òun tán, ó wá ní ara ilé àtijọ́ ni ẹ̀fọn jẹ́.

Nígbà tó padà délé, Ìyá Ìbejì ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan.

"Ẹ jókòó, Bàbá Ìbejì," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ẹ lọ síwájú àwọn èrò Sátidé, ẹ ní ilé tuntun ni, ẹ ní ẹ purọ́. Ẹ ní ìyàwó yín ni mí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á yọ pátákó, a ó sì sun pálọ̀ wa."

"Wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

"Wọ́n ti ń fi yín ṣe é tipẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò gbọ́, ògiri lẹ̀ ń tẹ́tí sí." Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mi ò bínú nítorí ilé. Ẹ ṣáà pè mí ní orúkọ mi níwájú wọn. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, mo ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, mi ò sì ní padà wá."

Alága sunkún. Ẹ gbà mí gbọ́, omi ojú gidi ni. Ó fẹ́ràn obìnrin náà. Ó ṣèlérí fún un, ó sì tọkàn wá.

Ní Sátidé, èrò dé. Afinimọ̀nà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó dé iwájú ilé náà, ó ní, "Mi ò mọ̀ nípa èyí. Bóyá ẹni tó ń bọ̀ yìí á sọ fún wa." Alága ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú ṣòkòtò ilé àti sálúbàtà. Ìyá Ìbejì dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò le. Ó tiẹ̀ mi orí sí i díẹ̀, bí ẹni ń gba ọmọ níyànjú níwájú pátákó ìkọ̀wé.

Alága la ẹnu. Gbogbo èrò dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dákẹ́ fún un. Bàbá arúgbó kan bọ́ fìlà. Ìyàwó kan tó gbé ọmọ pọ̀n súnmọ́ iwájú kó lè gbọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "òpó tí ẹ̀ ń wò yìí..."

Ó sọ̀rọ̀ nípa òpó. Ó sọ̀rọ̀ nípa àpótí atẹ́gùn. Ó fi ọgbọ̀n ọdún lé ọjọ́ orí ilé náà, nígbà tí wọ́n sì pariwo pé háà, ó tún fi ogún lé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó wo ẹnu géètì. Géètì ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ìyàwó tó pọnmọ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ènìyàn ṣì ń gbé inú ilé náà.

Alága tún wo géètì. Ó ní rárá, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́.